Ipò keje ni Bulldogs wà kí wọ́n tó gba ife: ìdí tí sáà 2016 fi tún di àríyànjiyàn ní Ọsirélíà

Lóṣù kọkànlá ọdún 2025 ni AFL, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Ọsirélíà, kéde pé láti sáà 2026, ikọ̀ mẹ́wàá ni yóò máa wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ dípò mẹ́jọ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò keje yóò kojú ẹni tó ṣe ipò kẹwàá, ẹni kẹjọ yóò kojú ẹni kẹsàn-án, ẹni tó bá fìdí rẹmi a gba ilé lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti pín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan ní owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó tẹlifíṣọ̀n ni àjọ náà ń wá. Àwọn tó fara mọ́ ètò tuntun náà ní ìdáhùn kan tó máa ń yá lẹ́nu wọn: ṣebí ipò keje ni Western Bulldogs wà lọ́dún 2016, ṣebí àwọn náà ló sì gba ife ẹ̀yẹ?

Òótọ́ ni. Ipò keje ni wọ́n wà, àwọn ló sì gba ife. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara balẹ̀ wo sáà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbe àwọn tó fara mọ́ ètò tuntun náà lẹ́yìn rárá. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú bọ́ọ̀lù tí à ń sọ. Orí pápá tó gùn roboto ni wọ́n ti ń gbá a, ènìyàn 18 ló sì wà nínú pápá fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù náà gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó ní ẹnu méjèèjì. Agbábọ́ọ̀lù lè fi ẹsẹ̀ gbá a, ó lè gbé e sọ́wọ́ sáré, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ jù ú sí ẹnikẹ́ni. Ìkúùkù ni yóò fi lù ú lọ bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òpó mẹ́rin ló wà níbi àmì ayò. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ẹsẹ̀ gba àárín òpó méjì tó ga jù kọjá, góòlù ni, pọ́ìntì mẹ́fà nìyẹn. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, pọ́ìntì kan péré ni. Ìyẹn ló fà á tí èsì ìdíje wọn fi máa ń pọ̀, bíi 89 sí 67.

Kílọ́ọ̀bù 18 ló wà nínú líìgì náà, kò sì sí ẹni tó ń já sí ìpele ìsàlẹ̀. Gbèdéke wà lórí owó tí kílọ́ọ̀bù kan lè san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ aláìní. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹni tó gbẹ́yìn tábìlì ló ń kọ́kọ́ mú. Kò sí ẹni tó lè fi owó kó gbogbo ọmọ tó dáa jọ. Lọ́dún 2016, ìdíje 22 ni kílọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbá kí wọ́n tó yọ àwọn mẹ́jọ tó ga jù sọ́tọ̀. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ní àǹfààní: bí ọ̀kan nínú wọn bá pàdánù ìdíje àkọ́kọ́, kò tíì parí fún un. Ti ẹni karùn-ún dé ẹni kẹjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá na irú wọn, sáà ti tán. Láti ipò keje, ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ borí nígbà mẹ́rin tẹ̀léra wọn, kò sì sí ẹni tó ṣe é rí kí Bulldogs tó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà rántí ọdún 2016 nítorí Leicester City, tó gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù karùn-ún ọdún náà. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni ti Bulldogs. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀ o. Leicester wà lókè tábìlì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ayé ń wò wọ́n. Ti Bulldogs, títí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ wọn mọ́ àwọn tó lè gba ife.

Footscray ni orúkọ ẹgbẹ́ náà láti ìpilẹ̀. Àdúgbò òṣìṣẹ́ ni Footscray, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú Melbourne, lẹ́bàá odò Maribyrnong. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ilé ìpẹran àti èbúté ló ń bọ́ àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́. Lónìí, ọjà àwọn ará Vietnam àti ilé oúnjẹ àwọn ará Ethiopia ló pọ̀ lójú pópó rẹ̀, ọmọ Áfíríkà tó bá dé Melbourne kì í pẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n gba ẹgbẹ́ náà sínú líìgì ńlá. Lọ́dún 1954 ni wọ́n gba ife àkọ́kọ́, nígbà tí Charlie Sutton jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti balógun ikọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Melbourne ni wọ́n nà lọ́jọ́ náà, 102 sí 51.

Lẹ́yìn ìyẹn, òǹgbẹ dé. Wọ́n dé àṣekágbá lọ́dún 1961, Hawthorn nà wọ́n. Láàárín 1985 sí 2010, ìgbà méje ni wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ìgbà méjèèje ni wọ́n pàdánù. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti 1997, nígbà tí Adelaide fi pọ́ìntì méjì péré lé wọn padà sílé. Àwọn tó rí ife 1954 ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Àwọn ọmọ wọn dàgbà, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ ọmọ náà wọ aṣọ pupa, funfun àti búlúù tí ẹgbẹ́ ń wọ̀, síbẹ̀ wọn ò rí ife.

Ọdún 1989 ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀, torí láìsí ọdún yẹn kò lè sí 2016. Gbèsè ti wọ ẹgbẹ́ náà lọ́rùn. Àwọn aláṣẹ líìgì kéde nínú oṣù kẹwàá pé wọ́n máa da Footscray pọ̀ mọ́ Fitzroy, kílọ́ọ̀bù mìíràn ní Melbourne tí owó ti tán lọ́wọ́ òun náà. Kì í ṣe ìmọ̀ràn o, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ kí àwọn alátìlẹ́yìn tó gbọ́. Obìnrin kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn ló fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Peter Gordon sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ dá ètò náà dúró. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fún wọn láti wá owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là kan.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Agolo ni wọ́n gbé. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń dúró sí oríta àti ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, wọ́n ń mi agolo fún ẹni tó bá ń kọjá. Àwọn tó ń gba owó ilé iṣẹ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọdé tó fọ́ kóló wọn: kò sí olówó ńlá kan tó wá gbà wọ́n. Àwọn tó ní díẹ̀ ló dá a jọ. Owó náà pé, ẹgbẹ́ náà yè. Gordon di ààrẹ rẹ̀.

Fitzroy kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ní ìparí sáà 1996 ni wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Brisbane Bears, tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn pátápátá, ó sì di Brisbane Lions. Láàárín àkókò kan náà ni Footscray yí orúkọ padà sí Western Bulldogs, kí gbogbo ìwọ̀ oòrùn Melbourne lè kà á sí tiwọn. Orúkọ yẹn bí àwọn àgbà kan nínú. Títí dòní, wọn ò yéé pariwo Footscray nínú pápá.

Nísinsìnyí, ká fò dé ìparí ọdún 2014, nígbà tí ilé tún fẹ́ dà wó. Ipò kẹrìnlá ni wọ́n parí sáà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, balógun ikọ̀, Ryan Griffen, ní òun fẹ́ lọ sí GWS Giants ní Sydney. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Brendan McCartney kúrò. Ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ kílọ́ọ̀bù náà lọ. Peter Gordon, tó ti padà wá ṣe ààrẹ láti ọdún 2012, wà níbẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà mú kí ọ̀pọ̀ rò pé orí wọn ti dàrú: wọ́n gba Tom Boyd, ọmọ ọdún 19, lọ́wọ́ GWS ní pàṣípààrọ̀ Griffen, wọ́n sì fún un ní ìwé àdéhùn ọdún méje tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là méje. Sáà kan ṣoṣo ni ọmọ náà tíì gbá. Wọ́n wá fa iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lé Luke Beveridge lọ́wọ́, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Footscray rí, àmọ́ tí kò tíì darí ikọ̀ kankan nínú líìgì ńlá.

Beveridge kò bẹ̀rù àwọn ọmọdé. Marcus Bontempelli, tó ga, tó sì lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù, kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tó di ẹni tí ikọ̀ náà ń gbójú lé. Caleb Daniel ga ní sẹ̀ǹtímítà 168 péré, òun ló kúrú jù nínú líìgì náà nígbà yẹn, akoto ló máa ń dé sórí gbá bọ́ọ̀lù. Kílọ́ọ̀bù mìíràn ì bá ti wo gíga rẹ̀, kí wọ́n sì lé e; Beveridge wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí bọ́ọ̀lù máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì kíákíá, kí ó tó di pé alátakò mọ ibi tó ń lọ, kí gbogbo ikọ̀ sì sáré tẹ̀lé e. Lọ́dún 2015 wọ́n ti gòkè dé ipò kẹfà.

Ìfarapa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba sáà 2016 jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta péré, nínú ìdíje tí wọ́n fi pọ́ìntì mẹ́ta pàdánù fún Hawthorn, orúnkún balógun ikọ̀, Bob Murphy, já. Ọdún 2000 ni Murphy ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yìí. Ó ti wà nínú àwọn ìdíje tó kángun sí àṣekágbá ní 2008, 2009 àti 2010. Ó ti dúró nígbà tí àwọn yòókù ń sá lọ. Ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, sọ fún gbogbo èèyàn pé ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Easton Wood gba ipò balógun. Lóṣù keje, nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú St Kilda, egungun ẹsẹ̀ Mitch Wallis ṣẹ́, orúnkún Jack Redpath sì já. Jack Macrae fa iṣan itan. Tom Liberatore fi kókósẹ̀ pa. Síbẹ̀ wọ́n borí nínú ìdíje 15, wọ́n pàdánù méje, wọ́n sì ṣe ipò keje.

Ibí yìí ni ohun kékeré kan ti wọ ọ̀rọ̀, òun gan-an ni àwọn aláríyànjiyàn òde òní máa ń gbójú fò. Lọ́dún 2015, Fremantle àti North Melbourne ti fi ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn sinmi ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ́yìn líìgì kí ara wọn lè le fún ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Inú bí àwọn èèyàn. Láti dènà rẹ̀, AFL ṣètò ọ̀sẹ̀ ìsinmi kan fún gbogbo ikọ̀ láàárín ìparí líìgì àti ìbẹ̀rẹ̀ ìpele náà. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni itan Macrae àti kókósẹ̀ Liberatore rí àyè jiná.

Wọ́n fò lọ sí Perth, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, láti kojú West Coast tó dé àṣekágbá lọ́dún tó ṣáájú. Gbogbo èèyàn ló ti fún West Coast. Bulldogs nà wọ́n 99 sí 52. Ọ̀sẹ̀ kejì, Hawthorn ló kàn, ẹgbẹ́ tó ti gba ife ọdún mẹ́ta tẹ̀léra wọn. Wọ́n nà wọ́n, 107 sí 84. Ọ̀sẹ̀ kẹta gbé wọn lọ sí Sydney, sọ́dọ̀ GWS Giants, ẹgbẹ́ tí balógun wọn àtijọ́ lọ bá, tí Boyd sì ti wá.

Bí ẹ bá ní ààyè wo ìdíje kan ṣoṣo nínú gbogbo sáà náà, èyí ni kí ẹ wá. Mi ò rí ìdíje àsìkò yẹn tó dáa jù ú lọ. Kò sí ẹni tó sá kúrò lára ẹnì kejì fún ju góòlù mélòó kan lọ. Clay Smith ti Bulldogs, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dìgbà náà, gbá góòlù mẹ́rin wọlé. Bọ́ọ̀lù ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù nígbà tí Macrae gbá góòlù tó mú Bulldogs síwájú, Macrae kan náà tí itan rẹ̀ ìbá má tíì jiná bí kò bá sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi. 89 sí 83 ló parí sí. Lẹ́yìn ọdún 55, Footscray padà dé àṣekágbá. Nínú pápá yẹn ní Sydney, àwọn tó ti rìn láti Melbourne wá ń sunkún lórí ìjókòó.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, èèyàn 99,981 kún pápá MCG ní Melbourne. Sydney Swans ni alátakò, ẹni tó ṣe ipò kìíní. Ẹgbẹ́ Swans yìí náà, ọmọ Melbourne ni tẹ́lẹ̀: South Melbourne ni orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó kó o lọ sí Sydney lọ́dún 1982 nítorí owó. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kó kúrò nílé àti ẹgbẹ́ tó kọ̀ láti kúrò nílé ló pàdé lọ́jọ́ náà.

Ìdíje náà le títí wọ ìdá kẹrin, èyí tó gbẹ́yìn. Lance Franklin ti Swans, ẹni tí gbogbo Ọsirélíà mọ̀ sí Buddy, gba bọ́ọ̀lù ní àárín pápá, ó fẹ́ yípadà. Dale Morris ti Bulldogs dì mọ́ ọn látẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù sì bọ́. Ẹ rántí pé ẹni ọdún 33 ni Morris, àti pé lẹ́yìn ìdíje ni ayé tó gbọ́ pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán nígbà tó ń gbá gbogbo àwọn ìdíje yẹn. Boyd he bọ́ọ̀lù tó bọ́ náà. Ó jìnnà réré sí àmì ayò, ju ibi tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù lè gbá a dé lọ. Ó wo iwájú, ó gbá a. Kò sẹ́nì kankan níbi òpó. Bọ́ọ̀lù náà balẹ̀, ó ta, ó tún ta, ó sì yí wọlé. Góòlù kẹta rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ọmọ tí wọ́n ti fi owó rẹ̀ bú fún ọdún méjì gbáko. Liam Picken fi góòlù tirẹ̀ dí gbogbo ọ̀nà mọ́ Swans. 89 sí 67.

Jason Johannisen ti Bulldogs ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Norm Smith, ti ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù ní àṣekágbá. Ọmọ Áfíríkà ni. Ìlú Johannesburg ni wọ́n ti bí i kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó wá sí Perth nígbà tó wà lọ́mọdé.

Mẹ́dàlì kò kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Lọ́dún 2016, àwọn 22 tó wọ pápá ní ọjọ́ àṣekágbá nìkan ló gbà á. Ẹni tó bá gbá gbogbo ìdíje láti oṣù kẹta, tó wá fara pa ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá, kò ní rí nǹkan kan. Matt Suckling, ọmọ ẹgbẹ́ Bulldogs, wà lára àwọn tí ìfarapa fi mẹ́dàlì yìí dù lọ́dún náà. Bob Murphy náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Beveridge gorí pèpéle láti gba mẹ́dàlì tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Jock McHale pè, ó mú ẹ̀rọ ìgbohùnsókè, ó pe Murphy jáde láàárín èrò. Ó bọ́ mẹ́dàlì náà kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ Murphy lọ́rùn, ó ní tirẹ̀ ni, pé òun ló tọ́ sí ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo ti wo ibẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ṣì ń mú omi bọ́ lójú mi. Murphy kò tọ́jú mẹ́dàlì náà sílé ara rẹ̀. Ó dá a padà lẹ́yìn náà.

Àwọn kan ń bèèrè láti ọjọ́ yẹn pé kí ló dé tí àjọ náà kò fi fún gbogbo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù nínú sáà ní mẹ́dàlì. Mo wà lẹ́yìn wọn. Ohun tí gbogbo ikọ̀ ṣe fún oṣù méje, kò yẹ kí ọjọ́ kan ṣoṣo pín in.

Kí á tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ti Swans náà. Fìríkììkì 20 ni àwọn rẹfirí fún Bulldogs lọ́jọ́ àṣekágbá, mẹ́jọ péré ni Swans gbà. Dan Hannebery, ọ̀kan nínú àwọn tó dáa jù ní Swans, fi orúnkún pa nígbà tí Wood yọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, rẹfirí kò sì fọn fèrè. Àwọn ará Sydney kò gbàgbé, wọn ò sì lẹ́bi. Èrò tèmi ni pé Bulldogs ló kọ́kọ́ ń dé ìdí bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣẹ̀. Síbẹ̀ 20 sí mẹ́jọ jìn síra wọn púpọ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn Bulldogs kò sì gbọ́dọ̀ díbọ́n pé òun kò rí i.

Ó wá ku ètò ọdún 2026. Ẹ jẹ́ ká wo tábìlì 2016 fúnra rẹ̀. Swans, Geelong àti Hawthorn borí nínú ìdíje 17 ẹnì kọ̀ọ̀kan. GWS, Adelaide àti West Coast borí nínú 16. Bulldogs borí nínú 15. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni keje kò ju ìdíje méjì lọ! Lẹ́yìn wọn ni ọ̀gbun wà: North Melbourne tó ṣe ipò kẹjọ borí nínú 12, St Kilda tó ṣe ipò kẹsàn-án náà borí nínú 12, Port Adelaide tó ṣe ipò kẹwàá borí nínú mẹ́wàá, ó sì pàdánù 12. Nítorí náà, ipò keje ọdún yẹn kì í ṣe ti ẹgbẹ́ aláìlágbára tó rí oore gbà. Ẹgbẹ́ tó lágbára bí àwọn tó wà lókè ni, tí ìfarapa ti fà sẹ́yìn díẹ̀.

Bí òfin 2026 bá ti wà nígbà náà, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ tí Macrae àti Liberatore fi wo ara wọn sàn, inú rẹ̀ ni Bulldogs ì bá ti máa kojú Port Adelaide, ẹgbẹ́ tí iye ìdíje tó pàdánù pọ̀ ju èyí tó borí lọ. Àwọn mẹ́fà tó wà lókè wọn ì bá máa sinmi. Ìdíje kan, bọ́ọ̀lù kan tó ta síbi tí kò yẹ, iṣan kan tó tún já, gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí ì bá máà wáyé. Àwọn tó ń fi Bulldogs 2016 gbèjà ètò tuntun ń fi orúkọ wọn ti ohun tí ì bá gba ife lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó fara mọ́ ọn ní ibi tó ti wúwo, mi ò ní fi pamọ́. Lọ́dún 2025, Bulldogs borí nínú ìdíje 14 nínú 23, ipò kẹsàn-án ni wọ́n sì bọ́ sí. Wọn ò wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ó dun èmi náà. Lábẹ́ ètò tuntun, wọn ì bá wọlé. Àmọ́ ẹ wo ọdún 2017, ọdún tó tẹ̀ lé ife wọn: wọ́n borí nínú 11, wọ́n pàdánù 11, ipò kẹwàá ni wọ́n ṣe. Lábẹ́ ètò tuntun, àwọn náà ì bá wọlé lọ́dún yẹn, bó ti wù kí n fẹ́ràn wọn tó, mi ò lè sọ pé ó tọ́ sí wọn. Ọdún bíi 2025, tí ẹni kẹsàn-án lágbára, kì í wọ́pọ̀. Ọdún tí ẹni kẹwàá kò ju ẹni tó borí nínú ìlàjì ìdíje rẹ̀ lọ ló wọ́pọ̀.

Kò sì sí òótọ́ nínú pé ọ̀nà ti dí mọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́. Brisbane Lions, níbi tí ẹ̀jẹ̀ Fitzroy wà, gba ife lọ́dún 2024 láti ipò karùn-ún, wọ́n sì na Swans 120 sí 60 ní àṣekágbá. Bulldogs fúnra wọn dé àṣekágbá láti ipò karùn-ún lọ́dún 2021, kí Melbourne tó nà wọ́n. Ètò ikọ̀ mẹ́jọ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ ìsinmi kan ti ń ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tom Boyd fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 2019, ọmọ ọdún 23 ni, lẹ́yìn tó ti sọ ní gbangba pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá òun jà. Picken náà kúrò lọ́dún kan náà nítorí ohun tí ìforígbárí ṣe sí ọpọlọ rẹ̀. Mo dárúkọ wọn torí pé ara àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ètò tuntun yìí máa kọ́kọ́ bá wí. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ipò keje lọ́dún 2026 gbọ́dọ̀ borí nígbà márùn-ún kí ó tó gba ife, kì í ṣe mẹ́rin mọ́, kò sì ní sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi kankan fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀.